Iyùn Hàn, Ojú Ìyàwó Ò Hàn: Bí Kámẹ́rà Mi Ṣe Lọ London Lẹ́ẹ̀mejì Nítorí Fókọ́ọ̀sì

Ìyá ìyàwó ló kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde. Èmi tí mo ya fọ́tò, tí mo tún fi òru méjì jókòó ti kọ̀ǹpútà tí mo ń ṣa èyí tó dára, mo ti rí i ṣáájú wọn o, ṣùgbọ́n mo ń tan ara mi jẹ ni. Wọ́n gbé fóònù sún mọ́ ojú, wọ́n fi ìka méjì fẹ fọ́tò náà, wọ́n ní, "Oníyàwòrán, ẹ jọ̀ọ́, ṣé iyùn lẹ wá yà ni àbí ọmọ mi?"

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Iyùn tó sùn sórí àyà ìyàwó hàn ketekete. Èèyàn lè kà á ní kọ̀ọ̀kan, kódà òwú tí wọ́n fi sín in ń yọ lójú láàárín ìlẹ̀kẹ̀ kan sí èkejì. Ṣùgbọ́n kí ojú rẹ tó gòkè dé ìpéǹpéjú, gbogbo rẹ̀ ti di bàìbàì, bí ẹni tí èèyàn ń wò láti ẹ̀yìn gíláàsì tí ooru omi gbígbóná bò. Gèlè náà, aṣọ òkè elésè àlùkò tí wọ́n náwó ńlá lé lórí, wá dà bí kùrukùru.

Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 13 oṣù keje ọdún 2019, ni ìgbéyàwó yẹn, níbí n'Íbàdàn. Fọ́tò 11 ni mo yà níbi tí ìyàwó ti dá dúró. Mẹ́sàn-án ló rí báyẹn. Méjì tó dára, mo gbé kámẹ́rà ní ìbú nígbà tí mo yà wọ́n. Ní òòró ni mo ya àwọn mẹ́sàn-án yòókù. Mi ò fura sí ìyẹn nígbà náà, ó sì jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Kí n sọ ohun tí mo ní lọ́wọ́. Kámẹ́rà onídígí ni, irú tí wọ́n ń pè ní DSLR, sẹ́ńsọ̀ rẹ̀, ìyẹn ojú inú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ tó ń di fọ́tò, sì tóbi tó ojú fíìmù 35mm àtijọ́. Àǹtí mi tó ń gbé ní Peckham ló rà á fún mi ní ṣọ́ọ̀bù kan ní London ní oṣù kẹta ọdún 2019, tuntun nínú páálí. Wọ́n ra lẹ́ǹsì méjì mọ́ ọn lọ́jọ́ kan náà: 85mm f/1.8 àti 50mm f/1.8. (Nọ́ńbà f yẹn ló ń sọ bí ẹnu lẹ́ǹsì ṣe ṣí tó: bó bá ṣe kéré tó ni ẹnu náà ṣe ń ṣí tó, tí ibi tó hàn dáadáa sì ń tínrín tó.) Ẹ̀kẹta ni súùmù 24-70mm f/2.8 kan tí èmi fúnra mi ti rà ní tòkunbọ̀ n'Íkẹjà lọ́dún tó ṣáájú. Ìyẹn ò ní ìwé, kò ní rìsíìtì, mi ò sì lè sọ ọwọ́ ẹni mélòó ló ti kọjá. Iléeṣẹ́ tó ṣe kámẹ́rà náà, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Nǹkan tó ṣe tèmi lè ṣe ti ẹnikẹ́ni tí kámẹ́rà rẹ̀ bá ní dígí nínú, bó ti wù kí orúkọ orí rẹ̀ jẹ́.

Mo bẹ ìyá ìyàwó. Mo ní kí ọmọ náà padà wọ aṣọ rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù, kí n tún un yà lọ́fẹ̀ẹ́. Ó wá, wọ́n tún gèlè wé, gbogbo rẹ̀ gbà mí ní odidi ọjọ́ kan. Lọ́jọ́ yẹn, mo fi f/8 yà á níwájú iná ńlá, gbogbo rẹ̀ sì dára. Ni mo bá gbà pé ọwọ́ mi ló gbọ̀n ní ọjọ́ ìgbéyàwó.

Síbẹ̀, ọkàn mi ò balẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo gbé kámẹ́rà lé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, mo lẹ bébà tí mo tẹ lẹ́tà dúdú gàdàgbà sí mọ́ iwájú páálí Indomie kan, mo wá gbé rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ìdagun, tó jẹ́ pé nọ́ńbà 15 ló ṣe déédéé ojú bébà náà. Mo dúró ní mítà méjì, mo ṣí lẹ́ǹsì 85mm dé f/1.8, mo fi ojú fókọ́ọ̀sì àárín (ọ̀kan nínú àwọn àmì kéékèèké tí kámẹ́rà fi ń mọ ibi tó yẹ kó hàn kedere) sí orí lẹ́tà, mo yà á nígbà mẹ́wàá. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, mo kọ́kọ́ fi ọwọ́ ba fókọ́ọ̀sì jẹ́ kí kámẹ́rà lè tún un wá. Nínú fọ́tò mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, nọ́ńbà 13 sí 14 ló hàn jù. Ìyẹn fi bíi sẹ̀ǹtímítà kan péré wá síwájú. Kò burú. Ní mítà méjì, lẹ́ǹsì 85mm tó ṣí dé f/1.8 máa ń fún èèyàn ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà tó hàn dáadáa, mẹ́ta níwájú, mẹ́ta lẹ́yìn. Sẹ̀ǹtímítà kan ò lè sọ ojú ìyàwó di bàìbàì.

Mo ní, ó dáa, èmi ni.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo lọ ya ìsọmọlórúkọ kan. Bàbá àgbà gbé ọmọ jòjòló lọ́wọ́. Ìka bàbá tó na ọmọ sí mi hàn dé ibi ìlà èékánná. Ojú ọmọ, ojú bàbá, bàìbàì. Mo joko sínú mọ́tò, mi ò tan iná fún ìgbà díẹ̀.

Ẹni tí mo kọ́kọ́ mú un lọ bá ni aṣojú iléeṣẹ́ náà ní Èkó. Ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì gba kámẹ́rà, ó tẹ nọ́ńbà ìdí rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ó sì rọra tì í padà sọ́dọ̀ mi. "Ẹ má bínú sà, kò sí lórí ìwé wa. Wáráńtì London ni tiyín." Mo ní ṣé kì í ṣe iléeṣẹ́ kan náà ni. Ó ní iléeṣẹ́ kan náà ni, ṣùgbọ́n wáráńtì ibi tí wọ́n ti rà á ló ń tẹ̀ lé e. Bí mo bá fẹ́ sanwó, wọ́n lè tún un ṣe, àmọ́ wọn ò lè sọ iye tó máa jẹ́ títí wọ́n á fi ṣí i. Nígbà tí mo délé, mo wo ìwé wáráńtì náà, ó sì wà níbẹ̀ lóòótọ́, ní lẹ́tà tó kéré bí èèrà. Gbogbo àwa tí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ń bá ra nǹkan ránṣẹ́ láti òkè òkun, owó tó dín la máa ń wò. Ibi tí a máa gbé e lọ lọ́jọ́ tó bá bàjẹ́, a kì í rò ó.

Àǹtí mi ní kí n fi ránṣẹ́. Ọmọ ìjọ wa kan ń lọ London ní oṣù kẹjọ. Mo yọ okùn, mo yọ mẹ́mọ̀rì, mo yọ bátìrì. Mi ò fi lẹ́ǹsì kankan sí i: ìdajì oúnjẹ mi ni 85mm yẹn, mo ní mo lè máa fi sórí kámẹ́rà tí mo bá yá lọ́wọ́ ẹlòmíì. Mo kọ ìlà kan sórí bébà pé fókọ́ọ̀sì kò ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Bẹ́ẹ̀ ni Àǹtí mi ṣe tẹ̀ ẹ́ sínú fọ́ọ̀mù ilé àtúnṣe.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi wà níbẹ̀. Èsì tó tẹ̀ lé e padà kò ju ìlà mẹ́rin lọ: àwọn fi lẹ́ǹsì ti àwọn yẹ̀ ẹ́ wò, fókọ́ọ̀sì rẹ̀ wà ní ìwọ̀n tó yẹ, àwọn nu sẹ́ńsọ̀, àwọn fi ètò tuntun sí i. Kò sí owó tí ẹ máa san.

Inú bí mi débi pé mo fẹ́ kọ lẹ́tà. Inú bí Àǹtí mi jù mí lọ, wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù tó tà á làwọn máa bá fà á. Òfin wà fún un lóòótọ́. Consumer Rights Act ti ọdún 2015 sọ ọ́ ní Bìrìtéènì pé bí ọjà bá lábùkù láàárín oṣù mẹ́fà, a óò kà á sí pé àbùkù náà ti wà lára rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti tà á, àyàfi bí ẹni tó tà á bá fi ẹ̀rí hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan tí kò dára, oníbàárà lè dá a padà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra nǹkan fún ara rẹ̀ ni òfin yẹn ń gbèjà, kì í ṣe ẹni tó rà á fún òwò. Wọ́n á bi Àǹtí mi léèrè ibi tí kámẹ́rà wà àti ohun tí wọ́n ń fi ṣe. Wọn kì í purọ́, èmi náà ò sì fẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ nítorí tèmi. A gbàgbé ṣọ́ọ̀bù, a dúró ti wáráńtì iléeṣẹ́, èyí tí wọ́n ti sọ di ọdún méjì nígbà tí wọ́n forúkọ kámẹ́rà náà sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí wọn ò bá forúkọ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tí wọ́n rà á, ọdún kan péré ni ìbá jẹ́.

Kámẹ́rà padà dé ọwọ́ mi ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá. Sátidé àkọ́kọ́, àìsàn kan náà. Ní gbogbo àkókò yẹn, 15,000 náírà ni mo ń fi yá kámẹ́rà ní Sátidé kọ̀ọ̀kan tí iṣẹ́ bá wà.

Bàbá kan wà ní Dùgbẹ̀ tí àwa oníyàwòrán máa ń gbé kámẹ́rà lọ bá. Láti ayé fíìmù ni wọ́n ti ń tún un ṣe. Tábìlì wọn kò ju ti oníṣọ́ọ̀bù aago lọ, àwọn ìdè kéékèèké wà nínú ìdérí ìgò, gíláàsì tí wọ́n fi ń wo nǹkan kékeré so mọ́ iwájú orí wọn. Mo ní kí wọ́n bá mi ṣí i, kí n rí ohun tó ń ṣe é.

Wọ́n yí i dání, wọ́n wo ìdí rẹ̀, wọ́n fi ìka gbá orí ìdè kan. "Mélòó ló kù lórí wáráńtì?"

"Ọdún kan ààbọ̀, Bàbá."

"Gbé e kúrò níwájú mi. Bí mo bá fi ọwọ́ kan ìdè yìí pẹ́nrẹ́n, wọ́n á mọ̀ lọ́hùn-ún, o sì ti gbà á sí òfo." Mo fẹ́ máa dìde, wọ́n ní kí n jókòó. "Mú un dání, kí n wò ọ́. Ya èmi náà. Ṣe bí ìgbà tí o ń ya ìyàwó."

Mo gbé kámẹ́rà ní òòró. Wọ́n ń wo ọwọ́ mi, wọn ò wo lẹ́ǹsì rárá.

"Ọwọ́ tí o fi ń tẹ̀ ẹ́ ni o dà sísàlẹ̀?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn, kí ìgúnpá má baà ga sókè.

"Ojú fókọ́ọ̀sì wo lo wá fi mú ojú mi?"

Ìgbà yẹn ló yé mi. Bí mo bá da kámẹ́rà báyẹn, apá òsì rẹ̀ ló máa wà lókè. Ojú ìyàwó sì wà lókè nínú fọ́tò. Ní gbogbo fọ́tò tí mo yà ní òòró, ojú fókọ́ọ̀sì apá òsì pátápátá ni mo fi ń mú ojú èèyàn. Ní ìbú, ti àárín tàbí èyí tó sún mọ́ ọn ni. Ìdánwò tí mo ṣe ní ṣọ́ọ̀bù, àárín ni. Èyí tí wọ́n ṣe ní London, mi ò sí níbẹ̀, àmọ́ ta ló sọ fún wọn kí wọ́n wo apá òsì? Fókọ́ọ̀sì kò ṣiṣẹ́ dáadáa ni mo kọ.

Bàbá yìí ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní, láyé tiwọn, ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí lẹ́ǹsì títí ojú á fi mọ́, bí kò bá mọ́, ìwọ lo jẹ̀bi, ọ̀rọ̀ tán. Mo rántí Ojeikere, oníyàwòrán ọmọ Nàìjíríà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun orí àwọn obìnrin Nàìjíríà lọ́dún 1968: bí irun kíkó ṣe lọ, bí òwú ṣe yí i ká, o lè tẹ̀ lé e láti ìdí dé orí. Ọdún 1985 ni iléeṣẹ́ Minolta tó gbé 7000 jáde, kámẹ́rà onídígí àkọ́kọ́ tó ní ẹ̀rọ fókọ́ọ̀sì àti mọ́tò rẹ̀ pọ̀ nínú ara kan, táyé sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Láti ìgbà yẹn la ti ń gbà á gbọ́ bí ẹni gba ìgbàgbọ́.

Kí ohun tó ń ṣe tèmi lè yéni, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé inú rẹ̀ díẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó gba lẹ́ǹsì wọlé máa ń bá dígí kan tó dúró ní ìdagun pàdé. Dígí náà ta púpọ̀ nínú rẹ̀ sókè, síbi tí ojú rẹ wà. Ṣùgbọ́n àárín dígí náà kò dí tán. Ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá, dígí kékeré kan tó sápamọ́ sẹ́yìn rẹ̀ á sì ta ìyẹn sísàlẹ̀, sí ilẹ̀ kámẹ́rà, níbi tí sẹ́ńsọ̀ fókọ́ọ̀sì tẹ́ sí. Sẹ́ńsọ̀ yìí ń wo nǹkan kan náà láti ẹ̀gbẹ́ méjì, bí ojú wa méjèèjì ṣe ń ṣe. Bí àwòrán méjèèjì ò bá bá ara wọn mu, ó ti mọ apá ibi tí lẹ́ǹsì máa yí sí àti ìwọ̀n tó máa yí. Ìdí tó fi yára nìyẹn. Nígbà tí o bá tẹ̀ ẹ́ tán, dígí méjèèjì á ká sókè, ìmọ́lẹ̀ á wá kọjá lọ bá sẹ́ńsọ̀ ńlá tó ń ya fọ́tò.

Ẹ ò rí i pé ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ń wo fókọ́ọ̀sì, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ń ya fọ́tò. Ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ láti ẹnu lẹ́ǹsì dé ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ gùn dọ́gba. Bí dígí kékeré yẹn bá yẹ̀ ní ìdá kan tàbí méjì nínú mẹ́wàá mìlímítà, kámẹ́rà á búra fún ọ pé ìpéǹpéjú lòun mú, iyùn ló sì mú. Bí ó bá wá jẹ́ pé ṣe ló fẹ̀gbẹ́ kan, bí ilẹ̀kùn tí ìdè òkè rẹ̀ ti jẹrà, apá kan á máa jábọ́ síwájú, apá kejì á máa lọ sẹ́yìn, àárín á dà bíi pé kò sí nǹkan kan. Kì í ṣe tèmi nìkan nirú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí: ní ọdún 2012, ọ̀pọ̀ àwọn tó ra kámẹ́rà Nikon D800 ló figbe ta nípa ojú fókọ́ọ̀sì apá òsì. Tèmi kì í ṣe D800 o.

Mo padà sídìí rúlà àti páálí Indomie. Lọ́tẹ̀ yìí, mo lo ọjọ́ méjì. Mo yí kámẹ́rà títí lẹ́tà dúdú fi bọ́ sábẹ́ ojú fókọ́ọ̀sì òsì pátápátá, mo yà á lẹ́ẹ̀mẹwàá. Lẹ́yìn náà àárín, lẹ́yìn náà ọ̀tún. Ní apá òsì, nọ́ńbà 4 ló ń hàn, ní gbogbo ìgbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Rúlà dagun, nítorí náà mọ́kànlá orí rẹ̀ jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ tààrà síwájú, déédéé ibi tí iyùn máa ń wà sí ojú ẹni tó wọ̀ ọ́. Ní ọ̀tún, nọ́ńbà 22: bíi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sẹ́yìn. Mo wá tan síkíríìnì ẹ̀yìn láti fi ṣe é, èyí tí wọ́n ń pè ní live view. Níbẹ̀, dígí ti ká sókè, sẹ́ńsọ̀ ńlá fúnra rẹ̀ ló ń wá fókọ́ọ̀sì, kò sí alárinà. Òsì, 15. Àárín, 15. Ọ̀tún, 15.

Ó kù kí n mọ̀ bóyá lẹ́ǹsì ló ń dá a sílẹ̀. Mo fi 50mm sí i, mo sún mọ́ ọn dé mítà kan: apá òsì tún jábọ́ síwájú, bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà. Mo fi súùmù sí 70mm ní mítà méjì: síwájú ni, sẹ̀ǹtímítà méjìlá. Bí lẹ́ǹsì kan ṣoṣo bá ń ṣe báyẹn, lẹ́ǹsì ni. Bí mẹ́ta tí wọn ò bá ara wọn tan bá ń ṣe é, tí gbogbo wọn ń ṣe é ní apá kan náà, bọ́dì ni, ìyẹn kámẹ́rà fúnra rẹ̀. Ó tún yé mi ìdí tí súùmù ò fi tú mi fó tẹ́lẹ̀: f/5.6 àti f/8 ni mo fi ń ya àwùjọ, ibi tó ń hàn níbẹ̀ fẹ̀ tó láti bo àṣìṣe náà mọ́lẹ̀.

Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ èyí tí kò ní béèrè pé ṣé mi ò lè tún un ṣe fúnra mi. Inú kámẹ́rà yìí ní ibi tí èèyàn ti lè fa fókọ́ọ̀sì síwájú tàbí sẹ́yìn fún lẹ́ǹsì kọ̀ọ̀kan, láti −20 dé +20. Mo ti gbìyànjú rẹ̀, mo gbé 85mm sí +14. Apá òsì sunwọ̀n díẹ̀, apá ọ̀tún wá sá lọ pátápátá. Iye kan ṣoṣo ló máa ń gbà fún gbogbo ojú fókọ́ọ̀sì. Bí ẹsẹ̀ tábìlì kan bá kúrú, bí o bá gbé gbogbo tábìlì náà sókè, ó ṣì ń mì.

Mo dá gbogbo rẹ̀ padà sí 0 kí n tó dì í, mo sì kọ àwọn iye náà sórí bébà. Ẹni tó máa wọ̀n ọ́n nílò kámẹ́rà bó ṣe jáde láti iléeṣẹ́; bí +14 tèmi bá wà níbẹ̀, lẹ́ǹsì mi á máa purọ́ lórí ẹ̀rọ wọn.

Ìdì kejì yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Bọ́dì wà níbẹ̀, lẹ́ǹsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀, títí kan súùmù tòkunbọ̀. Ó dùn mí láti kó gbogbo irinṣẹ́ oúnjẹ mi lé ẹlòmíì lọ́wọ́, ṣùgbọ́n lẹ́ǹsì ti ilé àtúnṣe ti jẹ́rìí lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rí rẹ̀ ò sì ràn mí lọ́wọ́. Mo fi fọ́tò 12 sórí mẹ́mọ̀rì kékeré kan, bí kámẹ́rà ṣe yà wọ́n láìtún wọn ṣe rárá, mo sì kọ orúkọ wọn kí ẹni tó bá ṣí i má ní láti ronú: òsì-85, àárín-85, ọ̀tún-85, òsì-85-liveview, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Gẹ̀ẹ́sì ni mo kọ ìyẹn o. Lẹ́tà mi jẹ́ ojú ìwé kan péré. Mi ò kọ bí inú ṣe ń bí mi sí i. Mo kọ ojú fókọ́ọ̀sì tó ń ṣìnà, apá ibi tó ń ṣìnà sí, sẹ̀ǹtímítà mélòó, ní mítà mélòó, pẹ̀lú lẹ́ǹsì wo, àti pé live view ò ṣìnà. Mo fi nọ́ńbà iṣẹ́ ti àkọ́kọ́ sókè pátápátá, kí wọ́n rí i pé wọ́n ti gbà á wọlé rí. Mo tún ya fọ́tò nọ́ńbà ìdí bọ́dì àti ti lẹ́ǹsì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú fóònù, mo fi ránṣẹ́ sí Àǹtí mi lórí WhatsApp. Mo ní ọ̀rẹ́ tí lẹ́ǹsì tó fi ránṣẹ́ kọ́ ni lẹ́ǹsì tó gbà padà. Kò rí ẹ̀rí kankan mú jáde.

Ọkùnrin oníṣòwò kan tó ń lọ London ló bá mi gbé e ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹwàá. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má fi sínú ẹrù abẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, kó gbé e dání. Bátìrì wà lọ́dọ̀ mi, àmọ́ bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi bátìrì sí i, ọwọ́ ló gbọ́dọ̀ wà: àwọn ọkọ̀ òfuurufú kì í gba bátìrì litíọ́ọ̀mù tó dá wà láyè ara rẹ̀ nínú ẹrù abẹ́ ọkọ̀.

Ọjọ́ kẹrin tí ilé àtúnṣe gbà á ni ímeèlì wọn dé. Orúkọ èèyàn wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ẹni náà ní òun ti wo fọ́tò, òun rí ohun tí a ń sọ, òun ti rí i lórí ẹ̀rọ òun náà. Ó wá béèrè nípa súùmù: kò sí lábẹ́ wáráńtì, pọ́n-ùn 68 ni wọ́n máa gbà láti yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n sì bá bọ́dì mu, ṣé kí wọ́n ṣe é tàbí kí wọ́n dá a padà bẹ́ẹ̀? Àǹtí mi pè mí. Owó yẹn ta mí lára, ní ti pé lẹ́ǹsì náà fúnra rẹ̀ ò jẹ̀bi nǹkan kan. Mo ní kí wọ́n ṣe é.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Nínú rẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì ló jẹ́ pé wọ́n ń dúró de ohun èlò. Èmi náà ń dúró, mo ń yá kámẹ́rà àti lẹ́ǹsì lápapọ̀ báyìí, owó rẹ̀ ti gun òkè. Mo kọ iṣẹ́ méjì tí mi ò lè rí irinṣẹ́ gidi fún. Èkejì, mo fún ọ̀rẹ́ mi kan ṣe, oníbàárà náà ò padà wá sọ́dọ̀ mi mọ́ títí di òní.

Ìwé tó tẹ̀ lé e bọ̀ lọ́tẹ̀ yìí kún ojú ìwé kan. Dígí kékeré ẹ̀yìn ti fẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n tún ìdagun rẹ̀ ṣe. Wọ́n pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ fókọ́ọ̀sì pẹ̀lú àpò rẹ̀, wọ́n tún un tò. Lẹ́ǹsì 85mm náà ní àṣìṣe díẹ̀ tirẹ̀, wọ́n tún un ṣe mọ́ ọn lábẹ́ wáráńtì. 50mm kò ní nǹkan. Súùmù, wọ́n tún un ṣe díẹ̀, pọ́n-ùn 68. Gbogbo ìyókù, òfo ló wà níwájú rẹ̀. Bí 85mm bá ti wà pẹ̀lú mi n'Íbàdàn bíi ti àkọ́kọ́, bọ́dì á ti dára, fọ́tò á ṣì máa ṣìnà díẹ̀, èmi á sì tún máa bá ilé àtúnṣe jà.

Ó bá àwọn tó ń bọ̀ wálé fún Kérésì dé. Mi ò tíì bọ́ bàtà kí n tó gbé rúlà jáde. Òsì, àárín, ọ̀tún, ìgbà mẹ́wàá-mẹ́wàá, lẹ́ǹsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Pẹ̀lú 85mm, 14 àti 15 ló ń hàn níbi gbogbo, nígbà míì 16. Ọmọ iṣẹ́ mi ló ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó yá, kò wojú síkíríìnì mọ́, ṣe ló ń kọ 15, 15, 15, mo sì gbá a lórí pé kó máa wò ó.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé e lọ Dùgbẹ̀. Bàbá ní kí n ya àwọn ní òòró, kí n da ọwọ́ ìtẹ̀ sísàlẹ̀ bí mo ṣe ń ṣe. Mo ṣí 85mm dé f/1.8. Wọ́n gba kámẹ́rà, wọ́n fẹ fọ́tò náà lórí síkíríìnì títí ó fi ku ojú wọn òsì nìkan, wọ́n fa gíláàsì iwájú orí wọn wálẹ̀. Irun funfun wà nínú ìpéǹpéjú wọn, mẹ́ta, tí èmi tó jókòó níwájú wọn ò tíì rí rí. Wọ́n dá kámẹ́rà padà fún mi. "Má da fọ́tò yẹn sórí íntánẹ́ẹ̀tì," ni wọ́n wí.

Iye tó wà nínú kámẹ́rà báyìí ni 0 fún 85mm, 0 fún 50mm, +2 fún súùmù. Ó wà lórí bébà nínú báàgì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀dà rìsíìtì àti ìwé àtúnṣe méjèèjì. Pọ́n-ùn 68 ti Àǹtí mi, mo ṣì jẹ wọ́n. Wọ́n ní ìgbà tí ọmọ wọn bá ń ṣègbéyàwó, àwọn máa fi gbà á, ṣùgbọ́n àwọn á kọ́kọ́ fẹ fọ́tò wò.